Àga tí Mùdà Kò Parí

Kí ẹ tó jókòó, ẹ yí àwọn àga yẹn dojú dé ná, kí n rí abẹ́ wọn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń wọlé tọ̀ mí wá ní Ìlárá yìí mọ̀ pé bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn, ìbáà jẹ́ àga rọ́bà tí wọ́n yá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa. Rọ́bà ni lóòótọ́. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí ibi tí igi ti wọ inú igi, kò sì sí ẹni tí mo lè bá wí sí i. Ẹ jókòó. Ẹ tún sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́.

Ẹ ní kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà tiwa. Ẹ̀yin ń retí kí n sọ pé ẹran pọ̀, obì pọ̀, àlàáfíà sì wà. Èmi kò ní sọ ìyẹn. Ìyà pọ̀ nígbà tiwa náà. Ohun tí a ní tí ẹ̀yin kò ní ni pé bí ilẹ̀kùn ilé ẹnì kan bá ń dún, òun fúnra rẹ̀ ló máa dìde sí i. Lónìí, bí ìdè ilẹ̀kùn bá tú, ẹ ó gbé fóònù, ẹ ó máa wá ẹni tí yóò wá tún un ṣe, òkúta ni ẹ ó sì máa fi ti ilẹ̀kùn náà títí yóò fi dé. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti ń fi òkúta ti ilẹ̀kùn láti ìgbà òjò tó kọjá. N kò ní dárúkọ, olúwa rẹ̀ wà níbí.

Télọ̀ ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo fi jẹun, òun náà ni mo fi tọ́ àwọn bàbá yín. Ṣùgbọ́n igi ni ọwọ́ mi fẹ́ràn. Àwa mẹ́rin ni àrùn yìí jọ ń ṣe, kò sì sí káfíńtà kan ṣoṣo nínú wa. Mùdàṣírù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mùdà, ń ta obì ní Sábó, ní Ṣàgámù. Tísà ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Ìkẹ́nnẹ́. Ògúnlẹ́yẹ jẹ́ àgbẹ̀ níhìn-ín, ó sì ń bọ Ògún bí àwọn bàbá rẹ̀ ti bọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá níṣẹ́. Àwọn ìyàwó wa tilẹ̀ máa ń sọ pé ká lọ sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni à ń pàdé. Bí Tísà àti èmi bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Mùdà ti kírun tán, tí Ògúnlẹ́yẹ ti wẹ ẹrẹ̀ oko kúrò lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìnkùlé Mùdà ni gbogbo wa ń forí lé. Àtíbàbà kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó apẹ̀rẹ̀ obì sí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn obì tuntun àti ewé gbòdògì tí wọ́n fi ń bò ó, imú mi á máa wá òórùn igi fífá mọ́ ọn. Ayùn Ògúnlẹ́yẹ máa ń han bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Irin ìfági ti Mùdà kì í pariwo. Bí ó bá ń fá igi, ṣùà, ṣùà ni ẹ ó máa gbọ́, bí ẹni ń gbálẹ̀ ní yàrá kejì.

Bí oníkálukú bá dé, á gbé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀: àpótí, férémù fèrèsé, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó kán tí ó tún ṣe. Bí ohun tó tún ṣe nílé bá tóbi ju gbígbé lọ, bí òrùlé tàbí ilẹ̀kùn, igi jíjẹrà tó yọ kúrò níbẹ̀ ni yóò mú wá, yóò sì ṣàlàyé fún wa ohun tó pa á, bóyá omi ni o, bóyá ikán ni o, bóyá ọ̀lẹ ẹni tó kàn án ni. A lè fi ìrọ̀lẹ́ odindi jiyàn lórí igi jíjẹrà kan. Ẹ wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Inú wa dùn, ẹ̀yin ọmọ.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìn ọ́ kí wọ́n tó yí iṣẹ́ rẹ dojú dé. Abẹ́ la máa ń kọ́kọ́ wò. Ojú tó kọ sí àlejò, gbogbo ènìyàn ló lè fá a kó máa dán. Abẹ́ ni ọ̀lẹ ń sá pamọ́ sí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ògúnlẹ́yẹ ni adájọ́ wa, Rẹ́mọ paraku ló sì máa ń fi dájọ́. Á tẹ̀ba, á na ìka sí abẹ́ àpótí Tísà, á ní, “Yèsí kan ìṣó yìí? Éè dáa. Tú u.” Tísà tó ń na ọmọ ọlọ́mọ ní ẹgba láàárín ọ̀sẹ̀ yóò tú u wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì tún un kàn.

Torí pé abẹ́ la kọ́kọ́ ń wò, iṣẹ́ tí kò bá tíì parí kì í fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láàárín wa. Bí o bá ń ṣe àga, orí rẹ̀ ni yóò fi dúró, tòun tẹsẹ̀ lókè, títí di ọjọ́ tí o bá parí rẹ̀ tí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ náà ni a ó tó dá a dúró. Àwọn ará Sábó ń pè wá ní Ẹgbẹ́ Dojúdé. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àwa gbà á bí oyè.

A ṣìṣe, a ṣe e dáadáa. Mùdà ló wá pẹ̀lú ọgbọ́n pé omi èèpo obì lè kun igi, pé yóò pọ́n ju ọ̀dà òyìnbó lọ. Ó pọ́n lóòótọ́. Ó fi kun àga gbàlásà kan, ó gbé e sí pálọ̀. Ààfáà tó jẹ́ àna rẹ̀ wá kí i nígbà Iléyá pẹ̀lú agbádá funfun, ààfáà sì ti làágùn nínú oòrùn kó tó dé. Nígbà tó dìde, ìdí agbádá rẹ̀ ti di ti ẹni tó jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ àgbò. Ó rìn bẹ́ẹ̀ la ọjà Sábó já kí ẹnì kan tó sọ fún un. Ìyá Rísí, ìyàwó Mùdà, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ìlú fi gbàgbé. Èmi ni mo rán agbádá mìíràn fún ààfáà, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọlẹ̀.

Nígbà Agẹmọ, tí àwọn obìnrin bá wà nínú ilé, Ògúnlẹ́yẹ kì í wá. Ó ní ibi tó ń lọ. Bí ó bá sì ń bọ Ògún rẹ̀, á da epo pupa díẹ̀ sórí ayùn àti òòlù rẹ̀ níwájú wa. Mùdà á yára kó irinṣẹ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, á ní kó má fi Ògún kó bá òun lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ògúnlẹ́yẹ á ní irin kò mọ mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí àwọn ènìyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fa ara wọn láṣọ ya lónìí, bóyá ẹ kò ní gbà mí gbọ́.

Ṣọlá kékeré, ọmọ ọmọ mi tó jókòó yìí, fi fóònù hàn mí lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn ènìyàn kan wà kárí ayé tí wọ́n ń fi iṣẹ́ igi tí wọ́n ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ han ara wọn lórí rẹ̀, pé bíi tiwa gẹ́lẹ́ ni. Mo wò ó. Iṣẹ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni wọ́n ń yà, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé ó rẹwà, ó rẹwà. Mo ní kó bá mi bi ọ̀kan nínú wọn bí abẹ́ rẹ̀ ti rí. Ó bi í. Ẹni náà kò dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì, torí òun ni mo pè yín sí. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dúró lórí kodò. Àwọn tó kù ni yóò parí rẹ̀ kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, tí wọn yóò dá a dúró, tí wọn yóò sì gbé e fún ẹni tó ń ṣe é fún. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣe òfin yìí. Tísà ló kọ́kọ́ kú, kọ́bọ́ọ̀dù ìwé kan ló fi sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹyọ kan. Ojú tì wá láti wò ó bẹ́ẹ̀, a bá ṣe èkejì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà Ògúnlẹ́yẹ kú. Ilẹ̀kùn ahéré oko rẹ̀ ló ń ṣe. Mùdà àti èmi parí rẹ̀, a gbé e lọ sí oko, a so ó kọ́. Bí a ti fẹ́ máa lọ, Mùdà yọ ìgò kékeré kan lápò, ó da epo pupa sórí òòlù Ògúnlẹ́yẹ. Ó ní kí n má sọ fún ààfáà. Mo ti sọ fún yín báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mọ síbí.

Ó wá ku àwa méjì. Igi kan kì í dá igbó ṣe, igi méjì náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Síbẹ̀, Àìkú-Àìkú ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣàgámù. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà yẹn. Mi ò lè la igi tààrà mọ́. Mo lè gbẹ́ èèkàn kékeré tí wọ́n fi ń de igi mọ́ igi, mo lè fi òòlù gbá a wọlé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mùdà á la igi, èmi á gbẹ́ èèkàn. Bí a ti ń ṣe nìyẹn.

Orúnkún Ìyá Rísí ti bàjẹ́ ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ wọn láti Èkó, Ọlọ́run ó bù kún wọn, ra àga tìmùtìmù ńlá kan wá sí pálọ̀, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó sì kúrú. Bí Ìyá Rísí bá ti jókòó sínú rẹ̀, ó di kí ènìyàn méjì fà á dìde. Ẹnì kan ṣoṣo, arúgbó bíi tirẹ̀, ló wà nílé. Lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n. Mùdà fà á, fà á, kò lè gbé e. Ó jáde lọ wá ènìyàn sí ìta, kó tó padà, ìyàwó rẹ̀ ti tọ̀ sára. Mùdà sunkún nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ obì, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìkòròdú, òun ló wá ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ òun nítorí ìtọ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló gun òkè àjà, ó sọ igi ọ̀gànwó rẹ̀ kalẹ̀. Oko bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti gé igi náà, ó sì ti wà lókè àjà yẹn, ó ń gbẹ, láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Kò rí ohun tó tó fi í ṣe rí. Ó bẹ̀rẹ̀ àga kan fún ìyàwó rẹ̀, àga gíga, tí ìjókòó rẹ̀ tó orúnkún dáadáa, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gùn wá síwájú kí ó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó sì dá dìde. Ìyá Rísí kò rí i, kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ṣùgbọ́n láti pálọ̀ ló ti ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ń fá igi.

Àìkú tí Mùdà àti èmi jọ wo àga náà kẹ́yìn, ó wà lórí kodò lábẹ́ àtíbàbà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti gbẹ́ wọn tán, èèkàn ló kù kí a fi dè wọ́n. Mo tẹ̀ba, mo wo abẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo wá àbùkù, mi ò rí. Mo sọ fún un pé mi ò rí. Gbogbo ọdún tí a jọ lò, èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí, òun náà kò sì sọ ọ́ fún mi. Ó kàn ní, “Gbẹ́ èèkàn rẹ wá. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.”

Ó ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá àfẹ̀mọ́júmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Kò dìde mọ́. Wàídì ọmọ rẹ̀ pè mí, kí n sì tó dé Ṣàgámù, wọ́n ti ń gbé e lọ sí ibojì, torí àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú pẹ́. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Mo dúró níbi ibojì, ẹ̀rù bà mí, ó sì dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà. Nígbà tí a padà délé, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fa tàpólì bo àga náà, mo sì pe Wàídì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo ní, “Wàídì, ohun tó wà lábẹ́ tàpólì yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ti ìyá rẹ ni. Mò ń bọ̀ wá parí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, kí ẹ tó ṣàdúrà.”

Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa débẹ̀.”

Mo délé, mo jókòó ti èèkàn. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í gbẹ́ èèkàn kíá. Mo ba púpọ̀ jẹ́, mo gé ara mi ní àtàǹpàkò, mo tún bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, irú òjò tí kì í jẹ́ kí adìyẹ jáde. Nígbà tí wọ́n pé tán, mo wọ̀n wọ́n bí mo ṣe ń wọn ọrùn ẹ̀wù, gbogbo wọn dọ́gba. Mo dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù. Ní àárọ̀ ọjọ́ àdúrà, mo gun ọ̀kadà dé ibi tí bọ́ọ̀sì wà, mo sì lọ sí Sábó pẹ̀lú òòlù nínú àpò.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ata. Lẹ́yìn náà ni mo rí tàpólì. Wọ́n ti ta á sórí òpó mẹ́rin, àwọn alásè wà lábẹ́ rẹ̀ nítorí òjò, ìkòkò ìrẹsì ńlá wà lórí iná. Mo sún mọ́ iná náà. Èéfín igi tó gbẹ dáadáa kì í pọ̀, èyí kò sì rú èéfín rárá. Ọwọ́ àga kan ṣì yọ orí síta lábẹ́ ìkòkò, ibi tí Mùdà ti gbẹ́ ẹ róbótó kí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀ lè gbà á.

Mo bi alásè náà, “Ìyá, níbo lẹ ti rí igi yìí?”

Ó ní, “Bàbá, ẹ kúrò lójú iná. Àga kan tó ti bàjẹ́ ló wà lẹ́yìnkùlé. Ó dorí kodò, ara ẹ̀ ti tú. Òjò ti pa igi tiwa, kò jó. Ìyẹn gbẹ. Ẹ ò rí bó ṣe ń jó dáadáa.”

Wàídì sáré wá. Nígbà tó rí ojú mi, tó wo abẹ́ ìkòkò, ó káwọ́ lérí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú jalàbíà rẹ̀. Ó ní òjò ló dé lóru, pé ẹnì kan ló fa tàpólì fún àwọn alásè nígbà tí òun lọ gbé àlejò, pé wọn yóò ra àga mìíràn fún Màámi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ dáadáa ni. Àga tó bá dorí kodò, lójú ẹni tí kò sí nínú wa, òkú igi ni. Àwa la mọ̀ pé ààyè ló wà. Mo ní kó dìde, kí ẹrẹ̀ má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Ìyá Rísí wà ní pálọ̀ nínú àga tìmùtìmù, pẹ̀lú aṣọ opó lára. Bó ti rí mi, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń gbé nǹkan bọ̀.

Ó ní, “Bàbá Ṣọlá, ẹ kú ọ̀nà. Ṣé ẹ ti parí ẹ̀? Bàbá Rísí sọ fún mi pé bí òun ò bá tiẹ̀ sí, ẹ̀yin máa parí ẹ̀.”

Mo ní, “Ìyá Rísí, wọ́n ti fi dáná.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Báwo ló ṣe rí?”

Mo sọ fún un. Mo sọ bí ìjókòó rẹ̀ ti ga tó, mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n nílẹ̀ fún un. Mo sọ bí ó ti pọ́n, pé láìkùn ún ló pọ́n. Mo sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti yọ wá síwájú, bó ti tẹ díẹ̀ lórí. Mo ní mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, mi ò rí àbùkù kankan. Bí mo ti ń sọ ọ́, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ òfìfo, bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Ó ní, “Ẹ fà mí sókè, mo fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá.”

Mo fún un lọ́wọ́, mo fà á. Orúnkún mi náà kọ̀. Ó gbéra díẹ̀, ó padà sínú àga, ó sì fà mí lọ́wọ́ tí mo fi jókòó tì í bí àpò gàrí. Mo pe Wàídì. Mo tún un pè. Jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọmọdébìnrin kan ló wọlé, ó gbé abọ́ ìrẹsì méjì lé wa lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì ti sáré jáde kí n tó lanu. Mo wo ìrẹsì náà. Mo sọ fún Ìyá Rísí pé mi ò lè jẹ ẹ́, pé igi yẹn ni wọ́n fi sè é.

Ó mú abọ́ tirẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá Ṣọlá. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi ni.”

Mo jẹ ẹ́. Èèkàn wà nínú àpò mi, a sì jókòó síbẹ̀, à ń retí ẹni tí yóò wá fà wá dìde.